Díkódà tí mo rà fún Màámi

Kúdí, Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tó fi ẹnu jọ ìyá ẹ̀,

Ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi tí kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Ìyá ẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n, òun náà ò sì mọ̀ ọ́n tán. Tó o bá sọ ọ́ fún Láyí ọkọ ẹ, á wò ẹ́ títí, á ní, "Ṣé kì í ṣe pé Bàbá ti ń darúgbó?" Jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, mo ti ń darúgbó, ṣùgbọ́n ìtàn náà ṣẹlẹ̀.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò fi pè ẹ́ lórí fóònù. Tí mo bá pè ẹ́, wàá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé ò lè já ọ̀rọ̀ gbà. O sì mọ̀ pé mi ò lọ síléèwé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, lára "Ilé ayé ò le" àti "Fọn fèrè, awakọ̀". Nítorí náà, tí ìwé mi bá rí bí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ ẹlẹ́ja, má bínú.

Ohun tó fà á ni ẹjọ́ tó o gbé wá lọ́jọ́sí. O pè mí, o ní, "Bàbá mi, ẹ bá wa dá a. Àwọn oní-fíìmù tá à ń fi dátà wò yìí tún ti fowó lé e. Láyí ní ká já a. Mo ní a ò lè já a, torí ìyá ẹ̀, Màmá Ìsẹ́yìn, náà ń wò ó. Èmi ni mo fún wọn ní páásìwọ́ọ̀dù wa."

Mo bi ẹ́ pé, "Ìgbà wo lẹ lọ kí Màmá ní Ìsẹ́yìn gbẹ̀yìn?"

O ní, "Háà, Bàbá mi, látìgbà ìgbéyàwó, a ò tíì ráyè. Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi fún wọn, kó má baà máa ṣe wọ́n bíi pé wọ́n dá wà."

Mo ní bátìrì fóònù mi fẹ́ kú, mo sì gé e. Bátìrì ò kú. Àyà mi ló já.

Gbọ́ báyìí. Wàá rántí ilé tí a gbé ní Ìkòròdú, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Benson, ilé onípàséèjì gígùn tí yàrá kọjú sí yàrá. Táyà tòkunbọ̀ ni mò ń tà létí títì nígbà yẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé díìṣì sórí páànù ilé yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kàn án, lanlọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ jáde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wòkè bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀.

Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyí: díkódà kan, wáyà púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wò á dá owó sí i, oníṣẹ́ á fa wáyà láti ẹ̀yìn díkódà mi, á gbà á orí àjà lọ sí yàrá ẹ̀. Ṣùgbọ́n díkódà kan, nǹkan kan ṣoṣo ló lè fi hàn. Ohun tí mo bá ń wò ni gbogbo ilé ń wò. Ọwọ́ ta wá ni rìmóòtù wà? Ọwọ́ bàbá ẹ.

Kúdí, mo jọba. Àwọn tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ wá ń kúnlẹ̀. Ìyá Tósìn, ará Ìkirè tí yàrá ẹ̀ kángun sí tiwa, tí ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ fárífárí, òun ló sọ mí ní Alága. Tí mo bá yí i kúrò lórí fíìmù sí bọ́ọ̀lù, ògiri nìkan ni wàá máa gbọ́: gbà, gbà, gbà.

"Alága! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà! Ọkọ ẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà o, ó fẹ́ ká wọn mọ́lé!"

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá Tósìn. Péńárítì ni wọ́n fẹ́ gbá."

"Ṣé péńárítì ló máa bọ́ yín ni?"

"Ṣé ọkọ ẹ̀ ló máa bọ́ ẹ̀yin?"

Nígbà tí mo máa fi yí i, ọkọ ti ká wọn mọ́lé, ó ti nà wọ́n, ó ti dárí jì wọ́n, orin ìparí ló ń kọ. Ìyá Tósìn ò kí mi fún ọjọ́ mélòó kan. Mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Kí Ọlọ́run má bi mí.

Ìgbà tó yá, owó bẹ̀rẹ̀ sí í lé. Àwọn oní-díkódà ò jẹ́ wá bá èèyàn sọ ọ́ lójúkojú. Orí fóònù ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, wọ́n á ní "oníbàárà wa àtàtà." Ọmọ mi, tí ẹni tí o ò mọ̀ rí bá ń pè ẹ́ ní àtàtà, yáa di àpò ẹ mú. Wọ́n fi díẹ̀ lé e, a ráhùn, a san án. Wọ́n tún fi díẹ̀ lé e. Ni àwọn ará ilé bá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Tósìn ò tiẹ̀ dágbére. Ó gun àpótí, ó fi ọ̀bẹ tó fi ń rẹ́ ilá gé wáyà, ó sì nà án sẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ lé e.

Mo ní, "Ìyá Tósìn, ẹ ti ba wáyà jẹ́."

Ó ní, "Alága, ìsinsìnyí gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

Bó ṣe ku èmi nìkan nìyẹn, ọba tí kò ní ará ìlú. Ṣé mo já a? Mi ò já a. Gbogbo owó tí àwọn èèyàn ń bá mi dá tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ni mo wá ń san án. Ìmọ̀ràn kìíní wà níbẹ̀, jọ̀ọ́ mú un: kó o tó sanwó, wo ẹni tó ò ń sanwó nítorí ẹ̀. Kì í ṣe torí bọ́ọ̀lù ni mo ṣe ń san án mọ́. Mò ń san án kí lanlọ́ọ̀dù má baà wòkè lọ́jọ́ kan kó ní díìṣì Ràṣídì ti di àwo òjò. Ojú ayé ni mò ń sanwó fún. Ojú ayé kì í sì í ṣẹ́jú, kì í kí èèyàn pé o ṣeun.

Ìkejì le ju ìyẹn lọ. Bí owó yẹn ṣe ń lé ni mo ṣe ń wò ó sí i. Mo ní wọn ò lè gba owó mi jẹ gbé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí kò kàn mí. Mo wo àwọn òyìnbó tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè, tí kò sì sẹ́ni tó ń lé wọn. Mo wo ọkùnrin kan tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì alájà mẹ́ta, èmi tí sítóòfù ilé mi kì í gbaná dáadáa. Mo wo àwọn tó ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù bíńtín sínú ihò, tí wọ́n á wá rọra máa fẹsẹ̀ rìn lọ bá a, tí wọn ò tiẹ̀ kánjú. Ọjọ́ yẹn ni ìyá ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó fọwọ́ lérán.

"Bàbá Kúdí, kí lẹ̀ ń wò?"

Mo ní, "Owó mi ni mò ń wò."

Ó ní, "Ó ti dé ibo báyìí?"

Owó tó ti lọ, Àṣàkẹ́, ó ti lọ. Tó o bá jókòó tì í, á wulẹ̀ mú ẹ dání lọ ni. Tẹ́ ẹ bá ti sanwó oṣù kan tí kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò níbẹ̀, ẹ pa á, ẹ lọ sùn, tàbí kẹ́ ẹ ṣe ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó máa ń ṣe. Bàbá ẹ ni mí, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ gbogbo èyí, ẹ̀rín ṣì wà nínú ẹ̀. Ibi tí ẹ̀rín ti tán ni ọ̀rọ̀ Màámi.

O mọ̀ pé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí ni Màámi ti ń ta ẹja yíyan. Kí n tó ra díkódà, gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń wá sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n á ti fi orí ẹja ọ̀bọ̀kún pamọ́ fún mi, a ó jókòó síta, wọ́n á bú mi dáadáa títí oòrùn á fi rọlẹ̀, pé mo rù, pé mi ò mọ nǹkan kan, pé irun mi gùn. Inú mi á dùn, mo máa wọkọ̀ padà sí Ìkòròdú bí ẹni tó lọ gba abẹ́rẹ́ agbára. Nígbà tí díkódà dé, ọjọ́ Sọ́ńdè di ti bọ́ọ̀lù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Nígbà tó yá, mi ò mọ èyí tí mo pa jẹ mọ́.

Wọ́n á pè mí.

"Ràṣídì, ṣé o ti kú ni?"

"Mi ò kú, Màámi. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Iṣẹ́ táyà lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

"Táyà ò mọ Sọ́ńdè, Màámi. Ìgbàkígbà ló lè bẹ́."

Ni wọ́n bá gbá a sáwọ̀n. Gbogbo àdúgbò hó yèè.

"Àwọn wo ló ń pariwo yẹn?"

"Àwọn kọ́sítọ́mà mi ni."

Wọ́n ní, "Wọ́n mà fẹ́ràn táyà o."

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ní, "Ràṣídì, wá. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó o bá mi wò."

"Ẹ sọ ọ́, Màámi, mò ń gbọ́."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Mo ní mò ń bọ̀. Mi ò lọ. Wọ́n tún pè, wọ́n tún sọ ọ́, mo tún ní mò ń bọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ni, tàbí ìjà àwọn ẹlẹ́ja. Ọ̀rọ̀ yẹn wá ń wúwo sí mi lọ́rùn. Tí fóònù bá ti dún lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ara mi á bù máṣọ. Kàkà kí n dìde kí n lọ, ọgbọ́n ni mo dá. Mo ra díkódà mìíràn. Mo rán oníṣẹ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ kó lọ gbé díìṣì sórí ilé Màámi, kó so tẹlifíṣàn ńlá mọ́ ògiri pálọ̀. Mo ní tí wọ́n bá rí nǹkan wò, wọn ò ní máa pè mí mọ́. Gbogbo ayé ló yìn mí. Ìmáàmù wa gan-an ní kí àwọn ọmọ mìíràn fi mí ṣe àwòkọ́ṣe.

Mo pè wọ́n. "Màámi, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ilé ò dákẹ́ mọ́."

"Ṣé àwòrán ẹ̀ mọ́lẹ̀?"

"Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Ohun tí mo sọ nìyí, Kúdí. Mi ò tíì rí ọjọ́ kan tí mi ò gbọ́ ọ padà létí ara mi. Mo ní, "Ìgbà wo ni mò ń bọ̀ bíi ti báwo, Màámi? Ṣebí ẹ ti ní tẹlifíṣàn."

Báyìí ni mo ṣe ń san owó díkódà méjì. Wọ́n tún wá fowó lé e. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá ẹ ka iye tí wọ́n kọ ránṣẹ́, ó gbé fóònù fún mi padà bí ẹni tó gbé òkú eku.

"Bàbá Kúdí, ẹ já ọ̀kan."

"Ṣé kí n wá já ti ìyá mi ni?"

"Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ já ti ìyá yín. Ẹ̀yin lẹ ní méjì lẹ̀ ń san."

Mo já tèmi. Háà, mò ń rìn káàkiri Benson bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Mo sọ fún awakọ̀, mo sọ fún ẹlẹ́kọ, mo sọ fún ẹni tó wá ra táyà àti ẹni tó kàn fẹ́ béèrè ọ̀nà: "Mo já tèmi, mo fi ti ìyá mi sílẹ̀." Lanlọ́ọ̀dù ṣàdúrà fún mi.

Ọjọ́ Sọ́ńdè dé, bọ́ọ̀lù ńlá kan wà. Kò sí ohun tí mo máa fi wò ó. Èmi Alága ò sì lè lọ fún ara mi pọ̀ mọ́ àwọn èèyàn lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòran. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé díkódà mi kan wà ní Ẹ̀pẹ́, tí mo ti sanwó ẹ̀. Mo wọ bàtà, mo wọkọ̀. Ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ mi, kí n má baà tún un kọ: bọ́ọ̀lù ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi.

Jẹ́ kí n dúró níbí ná, kí n dá ẹjọ́ yín. Mo mọ̀ pé mo ti ka ìmọ̀ràn dé ìkejì, ṣùgbọ́n mi ò mọ èyí tí mo wà mọ́, ìwọ bá mi kà á.

Lórí owó fíìmù yẹn: bí ìwọ àti Láyí bá jọ ń wò ó lórí àga kan náà, tẹ́ ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín, kò tíì wọ́n. Ìgbéyàwó tuntun nílò ẹ̀rín ju àga tuntun lọ. Ṣùgbọ́n bí òun bá ń wo tiẹ̀ lórí fóònù ní pálọ̀, tí ìwọ ń wo tìẹ ní yàrá, bí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ gan-an, ó ti wọ́n jù. Tí ẹ ò bá mọ èyí tẹ́ ẹ jẹ́, ẹ já a fún oṣù kan kẹ́ ẹ wò ó. Bí ẹ bá rántí ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ padà sí i. Wọn ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ti dúró dè yín pẹ̀lú "oníbàárà wa àtàtà." Bí ẹ bá gbàgbé ẹ̀, ẹ ti rí èsì yín, ẹ ò nílò èmi.

Má sì bá Láyí jà lórí ẹ̀. Ọkùnrin tó ń wo àpò kó tó náwó, tí kì í ṣe ahun, kó o mọ̀ pé bàbá ẹ ò rí irú ẹ̀ rí nínú dígí.

Ti Màmá Ìsẹ́yìn ló kù. Má sọ fún mi pé wọ́n ń gbádùn ẹ̀. Báwo lo ṣe mọ̀? O bi wọ́n lórí fóònù. Kúdí, lórí fóònù, gbogbo ìyá ló wà dáadáa. Kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ máa san án tàbí ẹ ò ní san án, ẹ wọkọ̀. Ẹ lọ jókòó ti obìnrin náà. Ẹ bi í pé kí ló wò lánàá. Ẹ wo ojú ẹ̀ nígbà tó bá ń dá yín lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ṣe lórí páásìwọ́ọ̀dù ti dáa.

Èmi, lẹ́yìn ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo já díkódà kejì náà. Kò pẹ́ tí mo fi kó táyà mi wá sí Ẹ̀pẹ́, tí gbogbo wa fi kó wá. Ìwọ kéré nígbà yẹn, ìwọ lo máa ń mú Màámi lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, o máa ń ṣe bí ọ̀gá wọn. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò bi mí pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ pẹ́ tó báyìí kẹ́ ẹ tó gbé wọn wá? Ká ní ẹ tètè gbé wọn wá ni, à bá ti rí nǹkan ṣe sí i." Mo wolẹ̀. Ṣé kí n sọ fún un pé mò ń wo àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni? A rí ọdún díẹ̀ jókòó síta pọ̀, wọ́n bú mi dáadáa, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n kò tó. Kò tó rárá.

Mò ń kí Láyí. Kí Ọlọ́run fi òróró sí àárín ìwọ àti òun, kí ẹnu má kọ̀ fún yín láti jẹun pọ̀. Ibí ni mo ti dágbére, torí ohun tó kù yìí, tí mo bá kọ ọ́ tán, mi ò ní lè kọ nǹkan kan tẹ̀ lé e.

Mo dé ilé Màámi. Pálọ̀ kún. Àwọn ará àdúgbò tẹ́ ẹní, wọ́n jókòó, fíìmù ń lọ lọ́wọ́. Ìyá Múrí tó ń gbé ilé kejì ló wà láàárín, rìmóòtù wà ní ìdí ìró ẹ̀. Màámi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọjú síta. Mi ò tíì sọ̀rọ̀, bàtà mi ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀, wọ́n ní, "Ràṣídì lẹsẹ̀ yẹn."

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì mú mi lójú, wọ́n ń fọwọ́ tọ imú mi, wọ́n ń fọwọ́ tọ etí mi. "O ti rù." Mo ní mi ò rù. Orí wọn ni mo gbójú kọjá, tẹlifíṣàn ni mò ń wò.

"Ìyá Múrí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bùn mi ní rìmóòtù. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Ó tú u nídìí ìró, ó fún mi. Gbogbo wọn wò mí bí olè. Mo yí i sí bọ́ọ̀lù.

Màámi ní, "Ràṣídì, ọ̀rọ̀ tí mo ní mo fẹ́ bá ẹ sọ."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá èyí tán ná, Màámi."

Ó wá ṣe mí bíi pé kí n fi ohun tí owó mi ń ṣe hàn wọ́n. Mo ní, "Màámi, ẹ tiẹ̀ yíjú síbí. Ẹ wo bí koríko pápá yẹn ṣe tutù."

Wọ́n yíjú. Kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní, "Ó dáa gan-an ni."

Mo ní, "Kì í ṣe ibẹ̀, Màámi. Ibí ni." Mo gbá wọn lórí mú kí n bá wọn yí i.

Ìyá Múrí dìde. Ó gba rìmóòtù kúrò lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ràṣídì, fi orí ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀. Ìyá ẹ ti fọ́jú. Àwa là ń wò ó."